Kọ̀ǹgọ́ Ló Kọ́ Ọ, Kì í Ṣe Orúkọ

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn olùfẹ́ èdè Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀, bí mo ṣe tún un kọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ kú ìdúró. Mo júbà Ifẹ̀ Oòyè, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Mi ò ní fa ìbà gùn, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ́.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn tí orúkọ wọn bá iṣẹ́ wọn mu débi pé ẹni tó bá gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa á. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ẹni tó bá ti dé gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí á mọ ère Odùduwà tí wọ́n fi igi gbẹ́, tó dúró gọ̀gọ̀rọ̀. Olóògbé Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ló gbẹ́ ẹ ní 1987. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni bàbá náà, ó kọ́ni níṣẹ́ ọnà ní yunifásítì yìí fún ìgbà pípẹ́, ó sì dágbére fáyé ní Dìsẹ́ńbà 2009. Ẹ bá mi tún orúkọ àárín yẹn pè: Ọlọ́nàdé. Oníṣẹ́ ọnà dé. Wọ́n ti kéde rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè di ọmú ìyá rẹ̀ mú dáadáa, ká má tíì sọ ti ọ̀bẹ.

Tí òyìnbó bá gbọ́ èyí, á ní irú kòńgẹ́ wo nìyí! Èmi ò rí kòńgẹ́ kankan níbẹ̀. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ gbẹ́gi, àwọn tó ṣáájú bàbá rẹ̀ náà gbẹ́gi. Ilé ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, bí àwọn àgbà ṣe ní ká máa ṣe. Gbogbo ohun tí mo bá wá kò ju ìyẹn lọ: lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ló bí orúkọ, orúkọ kọ́ ló bí iṣẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìdí tí àwọn méjèèjì kì í fi í bára rìn mọ́ lóde òní, kó lọ yẹ rẹ́jísítà ilé ìwé wò.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi tàwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín, torí tiwọn dùn.

Ọmọ Jàmáíkà tó sáré ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.58 ní Berlin lọ́dún 2009, Usain Bolt ni. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bolt ni mànàmáná tó já láti ojú ọ̀run. Òun náà ni kí ẹṣin já okùn, kó fi eré sí i. Orúkọ náà bá ọmọkùnrin yìí mu dé ìka ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi mẹkáníìkì ní Lágéré kí ni bóòtù: á ní irin tó ń de nǹkan mọ́lẹ̀ kó má bàa lọ síbì kankan ni. Orúkọ kan ṣoṣo, ó ń sáré létí ẹnìkan, ó dúró gbagidi létí ẹlòmíràn. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ fún mi, a óò tún nílò rẹ̀.

Láti 2008 títí di 2013, Igor Judge ni olórí àwọn adájọ́ ilẹ̀ England àti Wales. Judge, ìyẹn adájọ́. Ẹ bá mi ro bí akọ̀wé kóòtù yóò ṣe máa kéde rẹ̀: Adájọ́ Adájọ́ ń bọ̀, ẹ dìde! Russell Brain ńkọ́? Dókítà ọpọlọ ni, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Ọpọlọ, ó sì ṣe olóòtú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ, tí ìwé ìròyìn náà ń jẹ́ Brain. Akáńtáǹtì kan wà ní Amẹ́ríkà, Chris Moneymaker, Apawó ní ṣókí, tó lọ ta tẹ́tẹ́ oníkáàdì ní Las Vegas ní 2003, tó sì kó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là lọ sílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ̀yìn yẹn, mi ò ní kí ẹ lọ ta tẹ́tẹ́ o. Orúkọ yín kì í ṣe Moneymaker.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Kádínà Jaime Sin, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Manila ní Philippines. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ ni sin. Àlùfáà ńlá, Kádínà Ẹ̀ṣẹ̀. Kò sì bínú sí i rárá. A máa kí àlejò káàbọ̀ sí ilé Ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn Ṣáínà ló ni orúkọ ìdílé náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀ níbi tó ti wá. Ká ní Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Manila, sìn ni a máa gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sin Ọlọ́run, gbogbo wa á sì fọwọ́ sí i pé orúkọ àlùfáà ò tún lè péye jù báyẹn. Bóòtù mẹkáníìkì yẹn náà nìyí. Etí tó gbọ́ orúkọ ló ń fún un níṣẹ́ ṣe.

Ní 1994 ni àwọn tó ń kọ ojú ewé àwàdà nínú New Scientist, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ̀rọ̀ yìí di eré tí gbogbo ayé ń bá wọn ṣe. Wọ́n rí ìwé kan nípa àwọn ilẹ̀ yìnyín tó wà ní orí àti ìdí ayé. Ẹni tó kọ ọ́ ń jẹ́ Daniel Snowman, Ọkùnrin Yìnyín. Wọ́n rántí àwọn dókítà méjì tó kọ àpilẹ̀kọ nípa àìsàn ojú ara tí ìtọ̀ ń gbà ní 1977, Splatt àti Weedon. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á gbọ́ omi tó tú pàà nínú orúkọ kìíní, á gbọ́ ọmọdé tó ń tọ̀ nínú ìkejì. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkàwé ti ń kó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Carl Jung, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, ọmọ Switzerland, kò tilẹ̀ kà á sí àwàdà. Ní 1952 ó kọ ọ́ pé ẹ wo Freud, orúkọ tó bá ayọ̀ tan lédè Jámánì, ìgbádùn ló fi ń ṣàlàyé èèyàn. Adler, ẹyẹ idì, agbára ni tirẹ̀. Èmi Jung, ọ̀dọ́, àtúnbí ni mò ń sọ. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ èèyàn mẹ́ta pére nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ọkàn yòókù tí wọ́n ń jẹ́ Alágbẹ̀dẹ àti Oníbúrẹ́dì, ta ló kà wọ́n? Nígbà tí orúkọ bá bá iṣẹ́ mu, a ń pariwo, nígbà tí kò bá bá a mu, a kì í sọ pé, "Ẹ wá wò ó, dókítà yìí ń jẹ́ Johnson!"

Obìnrin kan wà tó yẹ ká dúró wò dáadáa. Margaret Court, ọmọ Ọsirélíà, tó gba ife-ẹ̀yẹ ńlá mẹ́rìnlélógún nínú tẹ́níìsì ẹlẹ́nìkan. Court ni àwọn òyìnbó ń pe pápá tí wọ́n ti ń gbá tẹ́níìsì. Ẹ ẹ̀ rí i? Orúkọ ló fà á lọ sórí pápá! Ó tì o. Ọdún 1967 ló fẹ́ ọkọ tó ń jẹ́ Court. Ó ti gba ti Wimbledon ní 1963, ó tún gbà á ní 1965, Margaret Smith sì ni nígbà náà. Smith, ìyẹn alágbẹ̀dẹ. Orí pápá ni obìnrin náà wà tẹ́lẹ̀ kí pápá tó wá bá a nílé ọkọ.

Àwọn kan gbìyànjú láti fi ìṣirò dì í mú. Ní 2002, Brett Pelham, onímọ̀ ọkàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní èèyàn fẹ́ràn ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fẹ́ràn ìró orúkọ ara rẹ̀, tí ìró yẹn sì lè fà á lọ sídìí iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ wo àwọn dókítà eyín, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dẹ́ńtíìsì. Wọ́n mú orúkọ ọkùnrin mẹ́ta tó gbajúmọ̀ bákan náà nínú ìkànìyàn 1990: Dennis, Jerry, Walter. Wọ́n wá àwọn dókítà eyín tó ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyí. Walter 257, Jerry 270, Dennis 482. Dennis, dẹ́ńtíìsì! Ìwé ìròyìn gbé e kiri.

Ní 2011, olùwádìí mìíràn, Uri Simonsohn, bu omi tútù sí i. Ó wá Dennis láàárín àwọn lọ́yà, ó bá wọn níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Kí ni Dennis fi jọ lọ́yà? Kò jọ ọ́ rárá. Ọjọ́ orí ni. Àwọn Walter ti dàgbà. Ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn ti kú. Àwọn Dennis ló wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń kà wọ́n. Ẹ ò ní láti lọ sí Amẹ́ríkà kó tó yé yín. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ọjà Tìtun, ẹ ó bá Dámilọ́lá, ẹ ó bá Ayọ̀midé. Ẹ lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, ẹ ó bá Gbádébọ̀ àti Àbíọ́nà. Ṣé orúkọ Dámilọ́lá ló mọ fóònù tún ṣe ni? Ìgbà tí wọ́n bí i ni.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sílé, torí ilé ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìyàtọ̀ àwa àti àwọn òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ yìí kò tó bí a ṣe rò. Àwọn náà fi iṣẹ́ sọ èèyàn lórúkọ rí. Alágbẹ̀dẹ ń jẹ́ Smith torí pé ó ń rọ irin. Ẹni tó ń fi koríko bo ilé ń jẹ́ Thatcher. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1400, orúkọ wọ̀nyí ti di ti ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ń jogún rẹ̀ bó rọ irin, bí kò rọ irin. Ìyẹn ló jẹ́ kí Margaret Thatcher, Bo-Koríko-Sílé, ṣe olórí ìjọba Britain, orúkọ ọkọ rẹ̀ sì tún ni. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí Michael Schumacher, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí aránbàtà ní Jámánì, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú eré ọkọ̀ nígbà méje, láìfi ẹsẹ̀ rìn. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí okùn tó so orúkọ mọ́ iṣẹ́ ti já lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn bàbá tó rí i nígbà tó ń já ṣì wà láàyè. Àwọn kan jókòó síwájú mi níbí.

Ẹ wo ilé onílù. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, akọ ni o, abo ni o, Àyàn ni yóò ṣíwájú orúkọ rẹ̀, nítorí Àyàn Àgalú, baba onílù. Àyánwálé, Àyándélé, Àyánbùnmi, Àyántọ́lá. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Lámídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun gbé dùndún dé òkè òkun, ayé gbọ́. Kò sí Yorùbá kan tí yóò rẹ́rìn-ín pé onílù ń jẹ́ Àyàn. Ìgbà tí onílù kò bá jẹ́ Àyàn ni à ń bi í pé, "Níbo lo ti kọ́ ọ?"

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. Ọmọ Àyàn kì í mọ̀lù torí pé wọ́n pè é ní Àyàn. Kí ó tó mọ ẹsẹ̀ gbé dáadáa ni wọ́n ti gbé ìlù kékeré lé e lọ́wọ́. Gúdúgúdú, omele, níbẹ̀ ni yóò wà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi yọ́, kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ìyá ìlù. Tó bá ṣi ohùn pè lójú agbo, tí ìlù rẹ̀ bú ọlọ́lá níbi tó yẹ kó kì í, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ á jí i létí. Oríkì àwọn ìdílé ló ń kọ́ yẹn, ìtàn ìlú ló ń kọ́ yẹn, ọdún púpọ̀ ló ń lò sí i. Kọ̀ǹgọ́ ló kọ́ ọ, kì í ṣe orúkọ. Bí ẹ bá mú ọmọ Àyàn kúrò nílé ní ọmọ ọwọ́, tí ẹ tọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù, Àyàn ni yóò máa jẹ́, gángan yóò sì máa wò ó bí àlejò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ọlọ́jẹ̀, tí wọ́n ti ń gbé eégún: Ọ̀jẹ̀wùmí, Ọ̀jẹ̀wálé. Ilé ọdẹ: Ọdẹ́tùndé, Ọdẹ́yẹmí. Ilé babaláwo: Fátúnmiṣe, Awóníyì. Ilé ọba náà, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ni ọba jíjẹ; Adé ni tiwọn, ẹni tí kò bá sì tan mọ́ ilé oyè tó ń sọmọ ní Adé láyé àtijọ́, wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀. Níhìn-ín ní Ifẹ̀, ìtàn sọ fún wa pé Ògúnládìn ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Ẹ gbọ́ Ògún níwájú orúkọ rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo máa ń rò lórí èyí. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn baba ńlá wa, síbẹ̀ orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àgbẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn ìyá wa ń mọ ìkòkò, wọ́n ń rẹ aṣọ láró, wọ́n ń fọ́ epo, wọ́n ń hun aṣọ. Ẹ wá orúkọ amọ̀kòkò fún mi bí ẹ ṣe ń rí ti onílù, ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó rí i. Lójú tèmi, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń di orúkọ. Iṣẹ́ tó ní awo nínú, tó ní òrìṣà tó dúró tì í, tí ilé kan mú ṣinṣin tí ilé kejì kò lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, òun ló ń di orúkọ. Ohun tí gbogbo ayé ń ṣe, kí la fẹ́ fi dá ọmọ mọ̀? Mi ò sì lè ṣàìfi kún un pé iṣẹ́ obìnrin ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láìsọ lórúkọ. Ìyá tó wà nìwájú yẹn ń mi orí. Ẹ ṣeun, mà.

Báwo ni okùn ṣe wá já? Láyé àtijọ́, ẹnìkan kì í jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ bí orúkọ ìdílé. Oníkálùkù ní tirẹ̀: orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ àmútọ̀runwá bó bá ní. Ìdílé sì ní oríkì orílẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́kọ́ gbé ìwé ìrìbọmi dé, tí wọ́n ń béèrè orúkọ méjì lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìjọba gbé ìwé owó orí àti ìwé owó oṣù dé. Àmọ́ ìgbà tó kárí gbogbo ilé ni Jánúárì 1955, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ ọdẹ, ọmọ onílù, gbogbo wọn tò síwájú tíṣà. "Kí lorúkọ rẹ?" "Ṣẹ́gun, sà." "Ṣẹ́gun kí ni? Kí lorúkọ bàbá rẹ?" "Ọdẹ́wálé, sà." Tíṣà kọ ọ́. Ibẹ̀ ló parí sí. Bàbá yẹn ń jẹ́ Ọdẹ́wálé torí pé bàbá tirẹ̀ ti oko ọdẹ dé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó sì ń ṣọdẹ. Ọmọ rẹ̀ á jẹ́ ẹ, ọmọ ọmọ rẹ̀ á jẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ilé ìwé yẹn gan-an ló ń gbé ọmọ náà kúrò nídìí ìbọn. Ohun tó so orúkọ náà mọ́ ìdílé títí láé ló yọ iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni orúkọ ti ń rìn níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ò dé. Fáṣọlá ṣe gómìnà Èkó, Fáyẹmí ṣe gómìnà Èkìtì; Ifá jókòó nílé ìjọba lọ́tùn-ún lósì, mi ò sì gbọ́ pé wọ́n gbé ọpọ́n kalẹ̀ nínú ìpàdé ìgbìmọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Àyánkànmí Àyándélé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbé ìlù méjì sínú orúkọ, ó sì di òpìtàn, ó di olórí Yunifásítì Kàlàbá. Ẹ rò ó wò, ṣebí ìtàn náà ni onílù ń sọ? Mi ò ní jà tí ẹnìkan bá ní orúkọ yẹn ò jìnnà síṣẹ́.

Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí! Ẹ̀yin àgbà, mo rí i pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ọdún 1980, pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní Èkó, àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà, Nàìjíríà na Algeria 3–0, Ọdẹ́gbàmí sì gbá méjì sáwọ̀n. Ọdẹ gbà wá lọ́jọ́ náà ní tòótọ́. Irú tiwa tó jọ ti Bolt nìyẹn: orúkọ wá láti ibì kan, iṣẹ́ wá láti ibòmíràn, wọ́n pàdé lójú pápá, a pàtẹ́wọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ńkọ́, tó ṣe olórí yunifásítì yìí láti 1982 dé 1989? Láti 1981 ni Ọ̀ọ̀ni ti fi í jẹ Àwíṣẹ Awo Àgbáyé. Kò sí ẹni tó fi Ifá han ayé tó o. Ẹ wá Ifá nínú orúkọ rẹ̀, ẹ ò ní rí i; Ògúnwándé ni Wándé ní kíkún. Wọ́lé Ṣóyínká sì wà níbí láti 1975 dé 1985, Oṣó ló wà nínú orúkọ ìdílé rẹ̀, Ògún ló yàn láàyò. Nígbà tí wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ojú ọ̀nà, irin, mọ́tò: iṣẹ́ Ògún pátápátá, ẹni tí kò jẹ́ Ògún ló sì ṣe é.

Mo ti fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ẹ ṣọ́ra fún Ògún nínú eré yìí. Ògún ló ni ọ̀bẹ, ìbọn, àdá, ọkọ̀, ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ dókítà, abẹ oníṣẹ́ abẹ. Ọmọ Ògúnlékè tó ń wa dánfó, a ní ó bá a mu. Èyí tó ń gẹrun, ó bá a mu. Èyí tó jẹ́ amòfin tó ń jẹ́ Ògúndáre, ẹ gbọ́ "dáre," ó tún bá a mu. Orúkọ tó bá gbogbo iṣẹ́ mu, kí ló fi hàn wá?

Ẹni tí mo máa ń gbé yẹ̀wò dáadáa ni Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882. Òun ni aṣíwájú àwọn tó ń ya àwòrán lọ́nà ìgbàlódé ní Nàìjíríà. Ọnà ló ṣíwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé orúkọ ní í ro ọmọ, ẹ ó ní ẹ ti mú mi. Àmọ́ ẹ bi í níbi tó ti kọ́ ọ. Àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó ló ń wò yà nígbà tó wà nílé ìwé, fúnra rẹ̀, láìsí olùkọ́. Nígbà tó yá ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 lọ kọ́ ọ, ó padà wá, ó sì ń jà pé kí ìjọba fi àwòrán yíyà kún ẹ̀kọ́ ilé ìwé. Bóyá orúkọ rẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú. Ó ṣeé ṣe. Ìyẹn nìkan ni mo lè yọ̀ǹda fún orúkọ: pé ó lè dùn mọ́ni nínú, pé àwọn ará ilé lè máa fi ṣèrántí fún ọmọ. Ìwé kíkà àti pẹ́ńsù ló ṣe ìyókù.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló ni ín. Nígbà tí wọ́n rì í bọmi ní 1825, wọ́n fún un ní orúkọ òyìnbó kan nínú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì. Ẹ mọ ohun tí Crowther jẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́? Orúkọ iṣẹ́ ni. Ohun èlò orin olókùn kan wà tí wọ́n ń pè ní crowd, tí wọ́n ń fi ọrun fà bí a ṣe ń fa gòjé. Crowther ni ẹni tó ń ta á. Nítorí náà, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tó jókòó ti ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá títí ó fi rí i kọ sínú ìwé, orúkọ onígòjé ló ń jẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ fún un. Ẹ rí i bí ó ṣe ń dùn? Mo ti fi odindi wákàtí sọ fún yín pé kò sí nǹkan níbẹ̀, síbẹ̀ inú mi dùn nígbà tí mo rí i.

Ẹ jẹ́ ká fi tiwa rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí n tó gba ìbéèrè. Bí Sanwó-Olú ṣe jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì kí ó tó di gómìnà Èkó, ìpínlẹ̀ tí owó orí ń bọ́, "sanwó" ni etí ará Èkó ń gbọ́. Bíríkìlà tó bá ń jẹ́ Bánkọ́lé kò gbọdọ̀ wáṣẹ́ tì. Káfíńtà tó ń kan àga, tó bá jẹ́ Bánjókòó, kó kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ àbíkú ni wọ́n lé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ wọ ilé ìwòsàn, wọ́n ní dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yín ń jẹ́ Kòkúmọ́. Ọkàn yín á balẹ̀, àbí? Ẹ wá gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ń jẹ́ Málọmọ́. Ó ti dáa bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹ má bá Ẹkúndayọ̀ nídìí káńtà ibi tí wọ́n ti ń gbowó.

Bàbá kan béèrè pé ṣé mò ń ta ko àwọn àgbà tó ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ ni. Rárá, sà. Ìwà ni àwọn àgbà ń wí níbẹ̀. Wọ́n ń kìlọ̀ fún òbí tó fẹ́ fi ìbínú sọmọ lórúkọ. Mi ò tíì gbọ́ àgbà kan tó ní torí orúkọ ni kí ẹ má ṣe kọ́ ọmọ níṣẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àwọn ará ilé òun ti yí Fá inú orúkọ wọn sí Jésù, ṣé ó bàjẹ́. Mo ní ẹ̀sìn yín ni, mi ò bá yín dá sí i. Ohun kan ni mo bẹ̀ ẹ́: kó lọ kọ orúkọ àtijọ́ náà sílẹ̀, kó kọ iṣẹ́ tí bàbá àgbà ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí lẹ́yìn ìran kan sí i, kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ilé babaláwo ni wọ́n ti wá.

Ìyá tó ń mi orí yẹn ló gba ẹ̀rọ gbẹ̀yìn. Ó ní ilé Àyàn ni wọ́n bí òun sí, ọmọ òun obìnrin ti fẹ́ dókítà, wọ́n ti bímọ, àwọn àna òun ní kí wọ́n má sọ ọ́ ní Àyàn torí pé kò ní lùlù. Kí lòun yóò ṣe?

Mo ní, "Mà, tó bá jẹ́ orúkọ nìkan lẹ fẹ́, mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi bá àna yín jà. Tó bá jẹ́ Àyàn gan-an lẹ fẹ́, ẹ ra kànnàǹgó kékeré kan fún un, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ò jìnnà."